Sewanee 1899: báwo la ṣe máa sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa kó yé wọn?

Olùkọ́ Sátidé (Atlanta) kọ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú yìí ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló gba ọkàn wọn, pàápàá eré àwọn yunifásítì. Ẹ ò lè dárúkọ Georgia tàbí LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana) létí wọn kí wọ́n má pariwo. Mo wá rò ó pé dípò kí n máa bá eré yìí du ọkàn wọn, kí n mú ìtàn kan nínú rẹ̀, kí n sọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọn náà sì sọ ọ́ padà fún mi ní Yorùbá.

Ìtàn tí mo mú ni ti ẹgbẹ́ University of the South, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tó wà lórí òkè ní Sewanee, ìpínlẹ̀ Tennessee, tí wọ́n sì máa ń pè ní Sewanee. Ní ọdún 1899, eré 12 ni wọ́n gbá, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Márùn-ún nínú eré náà, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi gbá a, ní ìlú márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń fi rélùwéè rìn kiri. Àmì tí wọ́n gbà lọ́dún yẹn jẹ́ 322. Èyí tí gbogbo alátakò wọn pa pọ̀ gbà jẹ́ 10.

Ọ̀nà wo ni kí n gbà bẹ̀rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ìdíwọ̀n àmì ayé ìgbà yẹn fún ọmọ tó mọ ti òde òní nìkan? Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n fò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ eré yìí dunjú wà níbí.

Ará Nashville kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, Àǹtí. Inú mi dùn pé ìtàn ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí lẹ mú.

Ohun tí màá gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ pé wọ́n gbá eré márùn-ún ní ọjọ́ mẹ́fà, àwọn ọmọ á yà ẹnu, wọ́n á sì bi yín pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni á fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àpò ẹgbẹ́ náà ṣófo. Eré tó máa ń mú owó wọlé fún Sewanee jù lọ́dọọdún ni èyí tí wọ́n máa ń bá Vanderbilt gbá níbí ní Nashville. Aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì lórí bí wọ́n ṣe máa pín owó ẹnu géètì, eré náà sì bọ́ sọ́nù lọ́dún 1899. Ihò tó ṣí sílẹ̀ nínú owó wọn nìyẹn.

Ẹni tó dí ihò yẹn ni Luke Lea, máníjà ẹgbẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà, ọdún 1879 ni wọ́n bí i, ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ fúnra yín. Òun ló kọ̀wé sí àwọn yunifásítì tó wà lọ́nà jíjìn tí wọ́n lè san owó, tó to àwọn eré náà tẹ̀ léra wọn kí ìrìn-àjò kan ṣoṣo lè kó gbogbo rẹ̀, kí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ má bàa gbé èrè mì. Ọmọ ogún ọdún! Àwọn ọmọ kíláàsì yín gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tó ju wọn lọ díẹ̀ ló jókòó tì í tó ṣètò rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Herman Suter, ọmọ yunifásítì Princeton, balógun ẹgbẹ́ sì ni Henry Seibels tí wọ́n ń pè ní Diddy. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí Lea, kò sí ìtàn.

Àgbà Rẹfirí kọ pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ará Nashville, àmọ́ kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní òfin ayé ìgbà yẹn. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo èsì eré tí ẹ bá pè ni wọ́n á gbọ́ ní òdì. Ọmọ tó mọ̀ pé touchdown kan (ìyẹn kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà góòlù alátakò) jẹ́ 6 á rò pé 12 sí 0 kò tó nǹkan.

Ní 1899, touchdown jẹ́ àmì 5. Tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó góòlù méjèèjì lẹ́yìn touchdown, àmì 1 ni. Tí wọ́n bá gbá a gba àárín òpó láti orí pápá láìsí touchdown, àmì 5 ni òun náà, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ níye lórí bí ọwọ́. Ọdún 1912 ni touchdown ṣẹ̀ṣẹ̀ di 6. Ìgbìyànjú mẹ́ta péré ni wọ́n ní láti fi gba yáàdì 5. Gígùn pápá jẹ́ yáàdì 110.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ọdún 1906 ni wọ́n tó fàyè gba ìyẹn. Nítorí náà, nǹkan tí àwọn ọmọ yín ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnì kan dúró lẹ́yìn tó ju bọ́ọ̀lù bí ọfà sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń sáré, kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀dá ń kọlu ẹ̀dá ni, àyà sí àyà, nínú òkìtì èèyàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àwọn mọ́kànlá tó ń kọlu ni wọ́n á yí padà tí wọ́n á tún máa dènà. Ẹni tó bá jáde kò tún lè padà wọlé, torí náà ẹni tó ṣèṣe máa ń fara dà á. Kò sí akoto tó jẹ́ dandan. Ọdún 1939 ni wọ́n tó sọ akoto di ọ̀ranyàn fún àwọn yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òfin yẹn ṣe ìṣirò. Ẹ kọ 12 sí ojú pátákó, kí ẹ bi wọ́n pé báwo ni Sewanee ṣe rí i gbà lọ́wọ́ Texas. Touchdown méjì, ìgbá méjì tó wọlé. Ẹ kọ 10 tí wọ́n fi na Texas A&M. Touchdown méjì, ìgbá méjì tó tàsé. Tí wọ́n bá ti mọ ìyàtọ̀ yẹn, wọ́n á mọ bí ìfòyà ṣe rí nígbà tí ẹ bá dé orí eré Auburn.

Bàbá Ìbejì (Houston) kọ pé:

Àgbà, ẹ ṣeun. Ìyẹn gan-an ló sọnù nínú bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́.

Èmi ní tèmi, máàpù ni kí ẹ lò. Ẹ lẹ máàpù gúúsù Amẹ́ríkà mọ́ ògiri, kí ẹ fún ọmọ kan ní okùn àti ìṣó, kí ó máa fa okùn láti ìlú dé ìlú bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Láti orí òkè Sewanee, ó di Austin. Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kọkànlá, wọ́n na Texas ní 12 sí 0. Wọ́n wọ rélùwéè lóru, ó di Houston, níbí tí mo wà yìí, wọ́n na Texas A&M ní 10 sí 0 ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n tún wọkọ̀ lóru, ó di New Orleans. Sátidé, Tulane jẹ 23 sí 0. Ọjọ́ Àìkú wọ́n sinmi, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Episcopal ni, wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Olúwa. Ọjọ́ Ajé ní Baton Rouge, LSU jẹ 34 sí 0. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Memphis, Ole Miss (yunifásítì Mississippi) jẹ 12 sí 0. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kọrí sílé. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 2,500.

Ẹ tẹnu mọ́ òru. Ọ̀sán nìkan ni àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ. Ara tó ti kọlu ara fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbóná, ẹ fi í sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń mì jìgìjìgì títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ẹ sì ní kó tún jáde lọ gbá a lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Balógun wọn Seibels, orí rẹ̀ là nínú eré Texas gan-an, eré àkọ́kọ́ nìyẹn o. Wọ́n lẹ̀ ẹ́, ó ń bá a lọ. Nǹkan bí èèyàn 21 ni agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n kó lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló gbá èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé bàtà. A gbọ́ pé nígbà tí rélùwéè ti gbéra ni Lea rí i pé àpò bàtà ìgbábọ́ọ̀lù ti ṣẹ́ kù sílé, tó sì tẹ wáyà kí wọ́n fi ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e gbé e wá bá wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi: àgbá méjì omi ìsun Sewanee ni wọ́n gbé dání, kí omi àjèjì má bàa da inú wọn rú. Ọmọdé máa ń rántí irú nǹkan báyìí ju iye àmì lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ pé:

Ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ. Ta ni wọ́n nà? Lára àwọn yunifásítì wọ̀nyẹn, bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ wọn. LSU ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1893 ni. Cumberland jẹ 71 sí 0, Southwestern Presbyterian jẹ 54 sí 0. Èyí kì í ṣe ìdíje. Tí ẹ bá sọ fún ọmọ pé ẹgbẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ tó dára jù láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ọmọ tó bá gbọ́n á bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò ní lè dáhùn.

Akọ̀wé Ìtàn kọ pé:

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, òótọ́ lo sọ nípa Cumberland. Cumberland yẹn kan náà ni Georgia Tech lù ní 222 sí 0 ní 1916, akọ́nimọ̀ọ́gbá Georgia Tech lọ́jọ́ náà sì ni John Heisman. Ẹ mú orúkọ yẹn lọ́wọ́, nítorí òun ni ìdáhùn mi.

Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1899, ọjọ́ Ìdúpẹ́, ní Montgomery, Alabama. Auburn ni Sewanee bá pàdé, Heisman sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Auburn nígbà náà. Heisman tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn ọmọ yín ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù Kejìlá ọdọọdún nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ yára bí àṣá. Bí wọ́n bá ti wó wọn lulẹ̀ báyìí, wọ́n ti dìde, wọ́n ti tò, wọ́n ti tún kọlu kí alátakò tó mí. Sewanee kò tíì rí irú rẹ̀ lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tó tíì gba àmì kan ṣoṣo sí wọn nínú eré mẹ́wàá. Auburn gba 10.

Sewanee gba 11.

Ẹ padà sí ìṣirò tí Àgbà Rẹfirí kọ́ wa. Àmì mọ́kànlá, touchdown méjì àti ìgbá kan tó wọ àárín òpó. Ìgbá kan yẹn ni gbogbo ọdún náà rọ̀ mọ́. Tí ó bá tàsé, 10 sí 10 ni, a kì bá tí máa sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí lónìí. Heisman bínú gan-an sí bí àwọn adájọ́ orí pápá ṣe darí eré náà, ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sínú ìwé ìròyìn. Inú àwọn èèyàn Auburn kò dùn sí i fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, wọ́n ti wà ní Atlanta, wọ́n ń bá North Carolina gbá. 5 sí 0. Touchdown kankan kò wọlé. Ẹsẹ̀ Sims, ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Sewanee, ló gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún àmì 5 tó parí gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, Àǹtí Olùkọ́, tèmi ni pé ẹ má fi gbogbo àkókò yín sórí ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn ló gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n Auburn àti North Carolina ni wọ́n ti mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ ni wọ́n lóòótọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ nà kò fi bẹ́ẹ̀ dán wọn wò. Auburn dán wọn wò. Ìdáhùn tí ẹ máa fún ọmọ tó bá gbọ́n nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ pé:

Mo gbà. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ sọ ti Auburn fún wọn dáadáa.

Olùkọ́ Sátidé kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an ni o. Ara mi ti ń ya gágá. Akọ̀wé Ìtàn, ṣé Atlanta ni eré North Carolina yẹn? Ìlú wa níbí?

Akọ̀wé Ìtàn kọ pé:

Bẹ́ẹ̀ ni. Àní eré mẹ́ta ni Sewanee gbá ní Atlanta lọ́dún yẹn. Ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, wọ́n na Georgia ní 12 sí 0. Ọjọ́ kejì sí i jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ 23, wọ́n na Georgia Tech ní 32 sí 0. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lu Tennessee ní 46 sí 0. Ìlú tí àwọn ọmọ yín ń gbé gan-an ni ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti parí.

Bàbá Ìbejì kọ pé:

Ẹ wo nǹkan tó tún ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń ka èyí. Ẹ kọ orúkọ wọ̀nyí sí pátákó kí ẹ tó sọ ohunkóhun: Georgia, Tennessee, Texas, Texas A&M, LSU, Ole Miss, Auburn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni gbogbo wọn jọ ní. Wọ́n á pariwo pé SEC (Southeastern Conference)! Òótọ́ ni, inú líìgì ńlá yẹn ni méjèèje wà lónìí. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí na gbogbo wọn ní ọdún kan ṣoṣo. Kò sí ọmọ tó máa sùn nínú kíláàsì lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ọmọ Ojulari méjèèjì ńkọ́, àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ tiwa? Azeez gbá fún Georgia, àbúrò rẹ̀ BJ gbá fún LSU. Nípasẹ̀ wọn lẹ lè jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé Georgia àti LSU tí Sewanee nà ní 1899, orúkọ Yorùbá ti wà lẹ́yìn aṣọ wọn báyìí.

Ìyá Ilé Ìkàwé (Memphis) kọ pé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ohun tí Bàbá Ìbejì fẹnu bà gbẹ̀yìn yìí ló mú mi wọlé, torí Àǹtí béèrè bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kó fò, kò sì tíì sẹ́ni tó dáhùn.

Ẹ má fò ó. Ọmọ dúdú kan ò lè wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn tí ẹ ń dárúkọ yìí ní 1899. Sewanee ńkọ́? Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìpínlẹ̀ tó ń kó ẹrú ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1857, ẹni tó ṣáájú wọn ni Leonidas Polk, bíṣọ́ọ̀bù Louisiana, tó ní ẹrú púpọ̀, tó sì di ọ̀gágun fún àwọn tó ń jagun kí oko ẹrú má bàa parí, tó sì kú sójú ogun ní 1864. Kì í ṣe pé mo ń purọ́ mọ́ wọn. Yunifásítì náà fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ ní 2017 láti tú ìtàn ẹrú tó wà nínú ìdásílẹ̀ rẹ̀, Roberson Project ni wọ́n ń pè é.

Ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn tí ẹ kò tíì dárúkọ. Cal Burrows. Ọkùnrin dúdú ni. Òun ló ń wọ́ra fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, tó ń tọ́jú iṣan tó le, tó ń di ọgbẹ́. Bàbá Ìbejì ní kí a tẹnu mọ́ òru, mo gba ọ̀rọ̀ náà. Ta ló ṣiṣẹ́ lóru? Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n lè sùn tí oorun bá gbé wọn. Ẹni tó ń wọ́ra fún wọn láti Austin dé Memphis ńkọ́? Tí ara wọn fi lè gbéra lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ wa ṣe ń rí orúkọ Lea àti Seibels lójú pátákó, kí wọ́n rí tirẹ̀ náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bákan náà.

Ará Nashville kọ pé:

Ẹ kú làákàyè, Màmá. Àmọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá mélòó ló lè gbé ọ̀rọ̀ Polk? Mo ń bẹ̀rù pé kí ìdùnnú ìtàn náà má lọ di ìbànújẹ́ kí wọ́n tó dé orí Auburn.

Ìyá Ilé Ìkàwé kọ pé:

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé ní Atlanta. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú ní ilé ìwé òyìnbó kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tí wọn kò tíì gbọ́ ni pé ẹ̀yin òbí wọn lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Tí ẹ bá sì fẹ́ ìdùnnú, ẹ sọ fún wọn pé àwọn ọmọ dúdú kò jókòó wo òyìnbó. Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 1892, ní Salisbury, North Carolina, Biddle àti Livingstone, yunifásítì àwọn èèyàn dúdú méjèèjì, ti jọ gbá bọ́ọ̀lù yìí, Biddle sì borí. Ọdún méje ṣáájú Sewanee nìyẹn. Biddle yẹn ló ń jẹ́ Johnson C. Smith lónìí. Àwọn náà ń jẹ ìyà lórí pápá tiwọn, wọ́n ń yọ̀ lórí pápá tiwọn, ìwé ìròyìn òyìnbó ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ́.

Àgbà Rẹfirí kọ pé:

Mo wà lẹ́yìn Màmá lórí èyí. Ẹ pín in sí kíláàsì méjì tó bá gùn jù, kí ẹ má gé e.

Akọ̀wé Ìtàn kọ pé:

Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn tí Màmá mẹ́nu bà, ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn kan kún un. Púpọ̀ nínú ìwé ìròyìn 1899 ti wà lórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, nínú Chronicling America ti Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀, ti Texas sì wà nínú Portal to Texas History. Ẹ wá ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìròyìn eré kan, kó sọ ohun tó kà fún àwọn yòókù ní Yorùbá. Ẹ kọ́ wọn láti ya ohun tí ìwé ìròyìn ọjọ́ náà kọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ń sọ kiri lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Èsì àwọn eré dúró digbí. Ti bàtà àti ti àgbá omi, ẹ sọ wọ́n pẹ̀lú «a gbọ́ pé», bí Bàbá Ìbejì ti ṣe.

Ẹ má sì pè wọ́n ní aṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà. Kò sí àṣekágbá kankan nígbà náà tó lè sọ ẹni tó jẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìhà àríwá bíi Harvard àti Yale ni ayé ń wò. Sewanee kò bá ìkankan nínú wọn gbá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ pé:

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀? Mo rò pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa béèrè.

Ará Nashville kọ pé:

Ìyẹn gan-an máa ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n dá SEC sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1932, Sewanee wà lára àwọn 13 tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Àwọn yunifásítì ìjọba ti gbòòrò, wọ́n ń kọ́ pápá ràgàjì, Sewanee ṣì wà ní kékeré lórí òkè rẹ̀. Eré 37 ni wọ́n gbá nínú líìgì náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pàdánù. Wọ́n jáde ní 1940. Wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù títí dòní, ní ìpele kẹta, níbi tí wọn kì í ti í fún ẹnikẹ́ni ní owó ẹ̀kọ́ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mo ti lọ wò wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé mi. Ẹ gbé àwọn ọmọ lọ tí ẹ bá ráyè, láti Atlanta kò jìnnà jù.

Ti Luke Lea á dùn mọ́ wọn. Òun ló dá ìwé ìròyìn Tennessean sílẹ̀ ní 1907, ó di sẹ́nétọ̀ ní 1911. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó di ọ̀gágun. Ní oṣù kìíní 1919, tí ogun ti parí, òun àti àwọn sójà rẹ̀ díẹ̀ wakọ̀ wọ orílẹ̀-èdè Netherlands lọ sí ilé ńlá kan ní Amerongen, níbi tí ọba Jámánì tó sá kúrò lórí oyè fara pa mọ́ sí. Wọ́n fẹ́ lọ gbé e wá láti wá jẹ́jọ́! Ọwọ́ wọn kò tẹ̀ ẹ́, sójà Netherlands yí ilé náà ká, Lea àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì padà. Ẹni tó lè ṣètò eré márùn-ún ní ọjọ́ mẹ́fà, ẹ ò rí i pé ìwà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ti ìgbẹ̀yìn náà: ọ̀ràn báǹkì gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sì dárí jì í ní 1937.

Olùkọ́ Sátidé kọ pé:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é rèé, kí ẹ tún un ṣe tí ó bá kù síbì kan.

Sátidé àkọ́kọ́, orúkọ yunifásítì méje lórí pátákó, lẹ́yìn náà òfin àti ìṣirò. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí ìṣirò kì í wù nílé ìwé. Màá fi wọ́n ṣe olórí ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó àti Lea, máàpù àti okùn. Cal Burrows á wà nínú ìrìn-àjò náà láti Austin, kò ní dúró de ẹ̀yìn bí àfikún, mo sì fẹ́ kí ọmọ kan sọ òru kan láti ẹnu tirẹ̀. Sátidé kejì, Sewanee àti àwọn tó dá a sílẹ̀, Biddle àti Livingstone, lẹ́yìn náà Auburn. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ èsì Auburn fún wọn. Màá dúró sórí 10 sí 10, kí ọmọ kan dìde ta bọ́ọ̀lù gba àárín àga méjì.

Àgbà Rẹfirí, ṣé ẹ lè bá mi fa ìlà pápá yáàdì 110 sórí ìwé ńlá kí n fi hàn wọ́n? Èyí tí mo rí lórí ayélujára, ti òde òní ni gbogbo rẹ̀.

Àgbà Rẹfirí kọ pé:

Ó ti di ṣíṣe, Àǹtí. Yáàdì márùn-ún márùn-ún ni ìlà rẹ̀ máa jẹ́, kò sí ibi àgbègbè touchdown tí wọ́n kùn bíi ti òde òní, òpó méjèèjì á sì dúró lórí ìlà góòlù gan-an. Màá yà á, màá fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ìwé tó fẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, kí àwọn ọmọ lè fi pẹ́ńsù kọ ọ́.

Bàbá Ìbejì kọ pé:

Ẹ bá mi fi sí ibi tí gbogbo wa á ti rí i. Àwọn ìbejì mi náà fẹ́ ẹ.